Ọba George Kẹta: Ọba Tí Kò Mọ Bí A Ti Í Dẹwọ́

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi tòsì fà á mọ́ra. Ìtàn tí a mú wá fún ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa lọ́tẹ̀ yìí jẹ́ ìtàn ọba kan tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ le, tí kò sì tètè rántí pé òun ní ọwọ́ òsì. Ohun méjì péré ni ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ nípa Ọba George Kẹta ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: pé òun ni Amẹ́ríkà bọ́ mọ́ lọ́wọ́, àti pé orí rẹ̀ dàrú. Òǹrorò ni àwọn tí wọ́n dá ilẹ̀ Amẹ́ríkà sílẹ̀ pè é. Ṣùgbọ́n bí a ti ń wádìí ìtàn rẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni a ń rí i pé ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkùnrin yìí kì í ṣe ọ̀mùtí, kì í ṣe alágbèrè, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Ó bẹ̀rù Ọlọ́run, ó fẹ́ràn aya rẹ̀, ó sì mú iṣẹ́ rẹ̀ ní òkúnkúndùn. Báwo ni irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ṣe wá di ẹni tí odidi ilẹ̀ kan kọ̀ ní ọba? Ìbéèrè tí a fẹ́ gbìyànjú láti dáhùn nìyí.

Ìbí rẹ̀ àti ìgbà èwe rẹ̀

Ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹfà ọdún 1738 ni a bí George ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Frederick, àrẹ̀mọ Ọba George Kejì, ni bàbá rẹ̀. Augusta, ọmọ ìdílé ọlọ́lá kan ní ilẹ̀ Jámánì, ni ìyá rẹ̀. Láti Hanover ní ilẹ̀ Jámánì ni ìdílé wọn ti wá jọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1714. Ibẹ̀ ni a bí George Kìn-ín-ní àti George Kejì sí, ibẹ̀ náà ni ọkàn wọn sì máa ń fà sí. George Kẹta ni ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn ọba ìdílé náà tí a bí sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì láti kékeré. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ olórí Hanover pẹ̀lú, kò fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ rí títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀ kò rí ara wọn sójú, nítorí náà inú ilé tí ìjà ti gbilẹ̀ ni ọmọ náà dàgbà sí. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní ọdún 1751. Ìyá rẹ̀ fà á mọ́ra gidigidi, kò sì jẹ́ kí ó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe pọ̀. Ó di ọmọ onítìjú tí ó máa ń dá wà. Nígbà tí ó yá, Lord Bute, ará Scotland, di olùkọ́ rẹ̀ àti alábàárò rẹ̀. Ọkùnrin yìí gbìn ín sí i lọ́kàn pé ọba rere gbọ́dọ̀ jẹ́ olódodo, kí ó sì dúró gbọn-in lórí ohun tí ó bá gbà pé ó tọ́. Ẹ̀kọ́ tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n kò jọ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ ní apá kejì ẹ̀kọ́ náà, èyí tí í ṣe bí a ti ń mọ ìgbà tí ó yẹ kí a yí ọkàn padà.

Ó gorí oyè, ó sì gbéyàwó

Ní ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹwàá ọdún 1760, Ọba George Kejì wàjà. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni ọmọ-ọmọ rẹ̀ nígbà tí ó gorí ìtẹ́. Ọkàn ọba tuntun yìí ti fà sí ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Lady Sarah Lennox, ṣùgbọ́n Lord Bute kò fọwọ́ sí i, ọba sì gbọ́ràn. Charlotte, ọmọ ìdílé ọba Mecklenburg-Strelitz ní ilẹ̀ Jámánì, ni wọ́n fẹ́ fún un. Ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹsàn-án ọdún 1761 ni ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́tàdínlógún náà gúnlẹ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù, ọjọ́ náà gan-an ni ọkọ àti ìyàwó kọ́kọ́ fojú kan ara wọn, alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n sì so yìgì. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn èyí ni a dé wọn ládé.

Bí ìgbéyàwó náà ti bẹ̀rẹ̀ lójijì tó, ó tọ́jọ́. Ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n bí, ọkùnrin mẹ́sàn-án àti obìnrin mẹ́fà. Àwọn ọba tí ó ṣáájú rẹ̀ a máa kó àlè jọ, ṣùgbọ́n George kò ní àlè kankan. Ó ra ilé kan fún ìyàwó rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ilé náà ni ó di ààfin Buckingham tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí.

Ìwà rẹ̀ lójoojúmọ́

Ẹni tí kò fẹ́ràn afẹ́ ni ọba yìí. A máa jí ní kùtùkùtù, a máa jẹun níwọ̀nba nítorí ó ń bẹ̀rù àtisanra jù, a sì máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn láàárín àwọn ará Windsor, tí yóò máa béèrè àlàáfíà wọn àti ti àwọn ọmọ wọn. Ó ní oko, ó ń sin àgùntàn, ó sì ń ka ìwé nípa ajílẹ̀ àti ọ̀nà ìgbìn tuntun. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní George Àgbẹ̀. Àwọn ọlọ́lá fi orúkọ yìí ṣẹ̀sín, ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ àwọn mẹ̀kúnnù.

Ó fẹ́ràn ìmọ̀ pẹ̀lú. Àwọn ìwé tí ó kó jọ lé ní 65,000. Ọmọ rẹ̀ fi wọ́n ta orílẹ̀-èdè lọ́rẹ lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n sì wà ní ilé ìkàwé ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní. Òun ni ó ṣe alátìlẹ́yìn fún àwọn ayàwòrán àti agbẹ́gilére nígbà tí wọ́n dá Royal Academy sílẹ̀ ní ọdún 1768. Nígbà tí William Herschel rí Uranus lójú ọ̀run ní ọdún 1781, ọba ń fún un ní £200 lọ́dọọdún kí ó lè máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Bí a bá dá a dúró síbí, a ó ní ọba tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n ìtàn kò dúró síbí.

Bí Amẹ́ríkà ṣe bọ́

Kí a tó wọ inú ọ̀rọ̀ yìí, ó yẹ kí a mọ̀ pé ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í dá ìjọba ṣe. Bí Aláàfin kò ti lè ṣe é láìsí Ọ̀yọ́ Mèsì, bẹ́ẹ̀ ni ọba Gẹ̀ẹ́sì kò lè gba owó-orí tàbí kí ó ṣe òfin láìsí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Ṣùgbọ́n òun ni í yan olórí ìjọba, ohùn rẹ̀ sì lágbára púpọ̀ nígbà náà.

Ogun ọdún méje tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá ilẹ̀ Faransé jà parí ní ọdún 1763. Gẹ̀ẹ́sì borí, ṣùgbọ́n gbèsè tí ó wà lọ́rùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Àwọn aṣòfin rò pé ó yẹ kí àwọn ará Amẹ́ríkà bá wọn gbé nínú ẹrù náà, níwọ̀n ìgbà tí ogun náà ti dé ilẹ̀ wọn. Ní ọdún 1765 wọ́n ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ tẹ ìwé ìròyìn tàbí kí ó kọ ìwé àdéhùn ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ san owó òǹtẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà fárígá. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kò sí aṣojú wọn nínú ìgbìmọ̀ tí ó bu owó náà lé wọn. Wọ́n fagi lé òfin náà ní ọdún 1766, ọba sì fọwọ́ sí i. Ibi tí ìjà ìbá ti parí nìyẹn, ṣùgbọ́n ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni wọ́n tún bu owó lé àwọn ọjà mìíràn, títí kan tíì.

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kejìlá ọdún 1773, àwọn ọkùnrin kan ní Boston wọ inú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì da àpótí tíì 342 sínú òkun. Lọ́ńdọ̀nù gbaná jẹ. Wọ́n ti èbúté Boston pa, wọ́n sì gba agbára lọ́wọ́ àwọn aṣojú ibẹ̀. Lójú George, ọmọ tí ó na ọwọ́ sí òbí rẹ̀ ni, pàṣán ni ó sì tọ́ sí i. Nígbà tí ìbọn ti dún ní ọdún 1775, àwọn aṣáájú Amẹ́ríkà tún kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ kan ránṣẹ́ sí ọba, wọ́n ní àwọn ṣì jẹ́ ọmọ abẹ́ rẹ̀, kí ó bá àwọn dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ọba kò gba ìwé náà. Ó ti kéde ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kẹjọ pé ọlọ́tẹ̀ ni wọ́n.

Lójú tiwa, ọjọ́ náà ni Amẹ́ríkà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Títí di ìgbà yẹn, àwọn aṣòfin ni ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ ń bínú sí. Wọ́n gbà pé bí ọba bá gbọ́, yóò gbèjà wọn. Nígbà tí ilẹ̀kùn ìkẹyìn tì, wọ́n dojú ìbínú kọ ọba fúnra rẹ̀. Ìwé òmìnira tí wọ́n gbé jáde ní oṣù Keje ọdún 1776 ka ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ju ogún lọ sí i lọ́rùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn aṣòfin ni ó ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ní New York wọ́n wó ère rẹ̀ tí a fi òjé ṣe lulẹ̀, wọ́n sì fi òjé náà rọ ọta ìbọn tí ó lé ní 40,000.

Ọba háyà àwọn ọmọ ogun Jámánì bíi 30,000 láti bá a jà, èyí sì tún dá kún ìbínú wọn. Ní ọdún 1778 ilẹ̀ Faransé dá sí i, ó gbè sẹ́yìn Amẹ́ríkà. Lord North, olórí ìjọba, bẹ ọba léraléra kí ó jẹ́ kí òun fi ipò sílẹ̀ nítorí ó ti rí i pé ogun náà kò lè yọrí sí rere. Ọba kò gbà. Ó gbà pé bí Amẹ́ríkà bá lọ, Ireland yóò lọ, àwọn erékùṣù yòókù yóò sì tẹ̀ lé e. Ìgbà tí Cornwallis túúbá ní Yorktown ní oṣù Kẹwàá ọdún 1781 ni gbogbo rẹ̀ yanjú. Ọba kọ ìwé pé òun yóò fi adé sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi ìwé náà ránṣẹ́. Ọdún 1783 ni wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a sọ èyí tí ó tọ́ sí i. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1785, John Adams wá síwájú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí aṣojú àkọ́kọ́ tí Amẹ́ríkà rán sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ara àwọn méjèèjì kò balẹ̀. Ọba sọ fún un láìfi bò pé òun ni ó gbà kẹ́yìn pé kí wọ́n pínyà, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ó ti ṣẹlẹ̀, òun ni yóò kọ́kọ́ na ọwọ́ ọ̀rẹ́. Ọwọ́ òsì jáde níkẹyìn, ṣùgbọ́n ọmọ ti kúrò nílé.

Nínú ilé tirẹ̀

Bí ó ti di Amẹ́ríkà mú ni ó di àwọn ọmọ rẹ̀ mú. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ kan fẹ́ opó kan láìsọ fún un, ó mú kí a ṣe òfin ní ọdún 1772 pé kò sí ẹni tí yóò gbéyàwó nínú ìdílé náà láìgba àṣẹ ọba. Òfin yìí ni ó mú kí àrẹ̀mọ rẹ̀ gbé Maria Fitzherbert ní ìkọ̀kọ̀ ní ọdún 1785. Àrẹ̀mọ náà di onígbèsè àti ọ̀mùtí, àwọn ọ̀tá ọba sì ni ó ń bá rìn. Ní ti àwọn ọmọbìnrin, ọba fẹ́ràn wọn tó bẹ́ẹ̀ tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fẹ́ wọn lọ. Ìgbà èwe wọn ń kọjá lọ nínú ààfin, wọ́n sì ń ráhùn. Ìfẹ́ ni, àwa kò jiyàn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí ó fún ni lọ́rùn ni.

Àìsàn dé

Ní ìparí ọdún 1788 ni ara ọba yí padà. Ó ń sọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìsinmi, kò rí oorun sùn, ó ń sọ ohun tí kò yé ẹnikẹ́ni. Àwọn oníṣègùn bó o lẹ́sẹ̀ kí oró lè jáde. Dókítà Francis Willis fi ẹ̀wù tí a fi ń de wèrè dè é lọ́wọ́, ó sì ń dè é mọ́ àga bí ó bá ṣagídí. Ọba tí kò gbà kí ẹnikẹ́ni yí òun lọ́kàn padà di ẹni tí ọmọ abẹ́ rẹ̀ ń dè lókùn. Àwọn aṣòfin ti ń múra àtifi àrẹ̀mọ ṣe adelé nígbà tí ara rẹ̀ yá ní oṣù Kejì ọdún 1789.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọ̀mọ̀wé fi jiyàn lórí àìsàn yìí. Ní ìgbà kan, láti bí ọdún 1966, wọ́n ní àrùn inú ẹ̀jẹ̀ ni. Àwọn onímọ̀ ìgbà tiwa fara mọ́ ọn jù pé àrùn ọpọlọ ni. Èyí tí ó wù kí ó jẹ́, ìyà tí ó jẹ ọba yìí mú kí àwọn ènìyàn káàánú rẹ̀. Nígbà tí ó lọ dúpẹ́ ní ìjọ St Paul's ní oṣù Kẹrin ọdún náà, ìlú yọ̀ kiri ìgboro.

Ìdìtẹ̀ ilẹ̀ Faransé

Oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn ìdúpẹ́ yìí ni iná ràn ní Paris. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1793, àwọn ará Faransé bẹ́ orí Ọba Louis Kẹrìndínlógún, wọ́n sì kéde ogun sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bojú wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ níkejì omi, wọ́n sì rí i pé ọba àgbẹ̀ tí ó ń sùn ti ìyàwó rẹ̀, tí ó sì ń lọ sí ìjọ, sàn fún wọn. Agídí tí ó ba Amẹ́ríkà jẹ́ ni wọ́n wá ń yìn bí ìgboyà.

Ìgboyà sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ní ọdún 1786, Margaret Nicholson yọ ọ̀bẹ sí i. Ọba ni ó kígbe pé kí wọ́n má ṣe é léṣe. Ní ọdún 1795, nígbà tí oúnjẹ wọ́n, èrò sọ òkò lu kẹ̀kẹ́ ẹṣin rẹ̀ bí ó ti ń lọ ṣí ìgbìmọ̀. Ní ọdún 1800, James Hadfield yìnbọn sí i nínú ilé eré ní Drury Lane. Ọba jókòó wo eré náà tán.

Ṣùgbọ́n ìwà kò yí padà. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ireland ní ọdún 1798, William Pitt, olórí ìjọba, pa Ireland pọ̀ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1801, ó sì fẹ́ kí àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà lè wọ ilé ìgbìmọ̀. Ọba ní ìbúra tí òun ṣe nígbà tí a dé òun ládé kò fàyè gba èyí. Pitt fi ipò sílẹ̀. Ọdún 1829, ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn ikú ọba, ni àwọn Àgùdà tó rí ẹ̀tọ́ náà gbà, ìkórìíra sì ti ta gbòǹgbò.

Ibi tí ìtàn rẹ̀ ti kàn wá

Nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, George kọ àkọsílẹ̀ kan lẹ́yìn tí ó ka ìwé Montesquieu, ó sì bẹnu àtẹ́ lu àwọn àwáwí tí àwọn Òyìnbó fi ń kó ènìyàn lẹ́rú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọba, fún ohun tí ó ju ogójì ọdún lọ, ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ń kó àwọn ènìyàn wa kọjá òkun, kò sì lo ohùn ńlá tí ó ní láti dá a dúró. Ọmọ rẹ̀, tí ó padà di Ọba William Kẹrin, tilẹ̀ sọ̀rọ̀ láti gbèjà òwò náà. William Wilberforce àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó jà fitafita títí òfin tí ó fòpin sí òwò ẹrú láàárín àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì fi jáde. Àṣẹ ọba yìí ni a fi lé e ní ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹta ọdún 1807.

Láti ọdún 1808 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti ń dọdẹ àwọn ọkọ̀ akẹ́rú ní etíkun Áfíríkà, tí wọ́n sì ń kó àwọn tí wọ́n bá gbà sílẹ̀ lọ sí Freetown. Ní ọdún 1822, ọdún méjì lẹ́yìn ikú George, ni a kó ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Òṣogùn gúnlẹ̀ síbẹ̀: Àjàyí Crowther ni, ẹni tí gbogbo wa tí a ń ka èdè Yorùbá jẹ ní gbèsè. Nítorí náà, orúkọ ọba yìí wà nínú ìtàn wa, bí kò tilẹ̀ fi gbogbo ọkàn ṣe é.

Ìgbẹ̀yìn rẹ̀

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1810, Amelia, àbíkẹ́yìn rẹ̀ tí ó fẹ́ràn jù, kú. Ọkàn ọba kò gbà á. Orí rẹ̀ tún dàrú, kò sì padà bọ̀ sípò mọ́. Ní oṣù Kejì ọdún 1811 ni a fi àrẹ̀mọ ṣe adelé. Ọdún mẹ́sàn-án ni bàbá arúgbó náà fi wà nínú yàrá ní Windsor, ojú rẹ̀ fọ́, etí rẹ̀ di, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun dé àyà. A máa tẹ dùùrù tí òun fúnra rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́, a sì máa bá àwọn tí ó ti kú sọ̀rọ̀ bí ẹni pé wọ́n wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n ṣẹ́gun Napoleon ní Waterloo ní ọdún 1815, kò mọ̀. Charlotte, aya rẹ̀ láti ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, kú ní ọdún 1818, kò mọ̀. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1820 ni òun náà wàjà, ó jẹ́ ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni ó fi jọba. Kò sí ọkùnrin tí ó tíì pẹ́ tó o lórí ìtẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Victoria tí ó padà di ọbabìnrin jẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ wo ni a rí kọ́?

A kò kọ ìtàn yìí láti dá ọba náà láre, a kò sì kọ ọ́ láti fi í ṣẹ̀sín. Ohun tí ó yà wá lẹ́nu ni pé ìwà rere rẹ̀ àti àbùkù rẹ̀, igi kan náà ni ó so wọ́n. Ìdúróṣinṣin tí ó mú kí ó jẹ́ olóòótọ́ sí aya rẹ̀ ni ó mú kí ó kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìfẹ́ tí ó ní sí àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó fi tì wọ́n mọ́lé. Àwọn àgbà ní àgbà tí kò bínú ni ọmọ rẹ̀ ń pọ̀. George bínú, ọmọ rẹ̀ tí ó tóbi jù lọ sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Àwa tí a wà ní ilé ẹ̀kọ́ yìí, tí a jìnnà sí ọ̀dọ̀ àwọn òbí wa, mọ bí ó ti ń rí kí a jẹ́ ọmọ tí wọn kò fẹ́ dẹwọ́ fún. Ọ̀la ni a ó di òbí, ọ̀gá, olóyè àti olórí ẹgbẹ́. Tí ìwé ẹ̀bẹ̀ bá dé ọwọ́ wa ní ọjọ́ náà, kí á jọ̀ọ́ ṣí i, kí á kà á. Ẹni tí ó kọ ọ́ lè jẹ́ ẹni tí ó ṣì ń pè wá ní bàbá fún ìgbà ìkẹyìn.